Imú Ló Kọ́kọ́ Mọ̀

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ti kú,
ọwọ́ kọ́ ló sọ fún mi, imú ni.
Ní ebu wa l'Ókèlélé, ọ̀sán Àlàmísì,
a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ìkòkò tán, eérú ṣì ń mí,
mo gbé orù kan kúrò láàárín iná
bí ẹni gbé ọmọ tuntun.
Mo ní, "Ta ló ń yan ẹran?"
Ràmátù wò mí, kò fèsì.
Ó kàn na ìka sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ẹ má rò pé n kò lo oògùn.
Mo lò ó. Páálí méjìlá, oṣù méjìlá.
Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi osùn,
awọ mi dú títí ìyàwó ilé fi ní,
"Ìyá, ẹ ti di ìsáàsùn."
Mo ní kò burú,
mo ti ń mọ ìsáàsùn kí wọ́n tó bí ìyá rẹ.

Oṣù kẹrin, ìgbà tí mo rò pé ó ń tán lọ,
ni ìgúnpá mi bẹ̀rẹ̀ ìjà.
Iṣan kan wú níbẹ̀, ó le bí okùn tí òjò pa,
etí aṣọ kàn án, mo ké.
Dókítà ní kòkòrò ló ń kú,
pé òkú wọn ni ara mi ń bá jà,
inú iṣan ni wọ́n sì ti ń jà á.
Ó fún mi ní hóró funfun kéékèèké:
mẹ́jọ láràárọ̀, ó di mẹ́fà, ó di mẹ́rin.
Ojú mi wú bí àkàrà.
Mo bẹ Ọlọ́run kí ìrora náà lọ.
Ó lọ.
N kò mọ ohun tí mo bẹ̀ fún.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n dijú.
Dókítà mú ọ̀rá tín-ín-rín bí irunmú ológbò,
ó ń fi kan ìka mi. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"
Mò ń gbọ́ bí apá aṣọ rẹ̀ ṣe ń ró.
Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i já.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ní, "Èyí ńkọ́?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Kò tíì kàn mí.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ó ti san,
wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀.
Òótọ́ ni. Ẹ lè bá mi jẹun nínú àwo kan.
Ṣùgbọ́n ayálégbé tó kó jáde lóru
ti fa wáyà inú ògiri dání lọ.

Wọ́n ní adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà,
dídànù ló mọ̀ ọ́n dà á.
Èmi ò da wàrà ẹnikẹ́ni nù rí.
Àfi tíì àná.

Lálẹ́, Báṣírá ọmọ ọmọ mi á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù,
á gbé ẹsẹ̀ mi lé itan,
á máa kà á bí ẹni ń ka wàláà,
láti orí ìka dé gìgísẹ̀.
Ní ìjẹta, ó fa ìṣó kan yọ nínú bàtà mi.
Mo ti wọ̀ ọ́ dé Ọjà Ọba, mo sì ti wọ̀ ọ́ bọ̀.
"Kò dùn yín ni?"
Mo ní rárá.
Omijé rẹ̀ kán sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi,
mo rí i bó ṣe kán.
Bóyá ó gbóná, n kò lè sọ.

Mo ṣì ń mọ ìkòkò, amọ̀ tútù nìkan,
Ràmátù ló ń bá mi sun ún.
Ìka méjì ti ká kò bí èékánná àwòdì,
ojú ni mo fi ń fọwọ́ kan amọ̀ báyìí.
Ẹnu orù mi a máa wọ́ díẹ̀ sápá òsì.
Báṣírá ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé omi kì í dà níbẹ̀.
Irọ́ ni. Ó ń dà.
Mo sì rọra ń fi ojú mọ ibi tó ń dà sí.